Irú ìwé wo ni nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ti tán lókun lè fi gba ìsinmi?
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá sí Ìlú Ọba ni èmi nìkan ti ń tọ́jú aláìsàn 22 lóru ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Mo ti lo ìsinmi ọdọọdún mi tán, wọ́n sì ti gbé mi sí iṣẹ́ ọ̀sán fún oṣù méjì, síbẹ̀ oorun kò kùn mí, igbe aláìsàn kò sì ká mi lára mọ́, èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Mátírọ́ọ̀nù ní kí iṣẹ́ tán ènìyàn lókun báyìí (burnout) kì í ṣe àìsàn. Lóòótọ́, ọ̀ràn ibi iṣẹ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní ọdún 2019. Ẹni tó bá ti gba ìsinmi olóṣù kan nítorí irú èyí, kí ni dókítà kọ sínú ìwé yín tí wọ́n fi gbà á?