Suppressor nínú ìwúkàrà kì í ṣe atẹ̀lóríba o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àbá bàbá wa lánàá, pé suppression táwọn onímọ̀ jẹ̀nẹ́tíìkì ń sọ, ìyẹn kí ìyípadà kan nínú DNA (àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) máa bo àbùkù tí ìyípadà míì ti fà, ká máa pè é ní ìtẹ̀lóríba, kí suppressor, ìyípadà tó ń bo àbùkù yẹn, sì jẹ́ atẹ̀lóríba. Ẹlòmíì tún ní rárá, ìwòsàn ló yẹ. Ẹ má bínú o bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ dídá, àmọ́ èyí ò bọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn lẹ túmọ̀, ẹ ò tíì wo ohun tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe.

Ẹ wo ìwúkàrà, yíìsì táwọn oníbúrẹ́dì ń lò yẹn, tó tún wà nínú ẹmu. Màìtòkọ́ńdríà inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ló ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára, ó sì ní DNA tiẹ̀ lọ́tọ̀, nǹkan bíi 85,000 lẹ́tà, yàtọ̀ sí ti inú núkílọ́ọ̀sì, yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA tó pọ̀ jù wà. Tí DNA yìí bá bàjẹ́, ìwúkàrà ò ní kú tó bá ṣáà ti rí ṣúgà tó lè mú hó, àmọ́ bíńtín ló máa rí lórí àwo. Onímọ̀ Ephrussi tó kíyè sí wọn ní Faransé láàárín 1940 sí 1950 pè wọ́n ní petite, ìyẹn kékeré, ọ̀rọ̀ inú ilé lásán (ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́ ìyẹn lára ẹ̀). Tẹ́ ẹ bá wá gbé wọn sórí glycerol, oúnjẹ kan tí kò ṣeé mú hó, wọn ò ní hù rárá.

Nígbà míì ṣá, tó bá jẹ́ àṣìṣe kékeré ló wà nínú DNA ọ̀hún, nínú àìmọye tí ò hù, ẹyọ kan á ṣàdédé hù. Ẹ yẹ DNA màìtòkọ́ńdríà ẹ̀ wò, àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí, ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́ lórí ba, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó sàn. Jíìnì míì, ìyẹn apá DNA tó ń darí iṣẹ́ kan, ló yí padà, ó lè jẹ́ inú núkílọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ìyẹn ló jẹ́ kó hù.

Àgádágodo yàrá mi ní Agbowó wọ́ nínú lọ́dún kan, kọ́kọ́rọ́ ò yí mọ́. Bàbá tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá títì ò tiẹ̀ fọwọ́ kan àgádágodo, ó kàn ń fi fáìlì ha eyín kọ́kọ́rọ́, á ha á, á tì í bọ̀ ọ́, á tún yọ ọ́ ha, títí ó fi dún kẹ́ẹ́. Àgádágodo ṣì wọ́, kọ́kọ́rọ́ gan-an ò rí bí wọ́n ṣe rọ ọ́ mọ́, àmọ́ mo ń wọlé mi.

Bí NAM2 ṣe ṣe é náà nìyẹn. Jíìnì inú núkílọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni kó ṣe énsáìmù (òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń gbé leucine, èròjà purotéènì kan, lé tRNA tó ń rù ú lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ purotéènì nínú màìtòkọ́ńdríà. Nínú jíìnì cytochrome b, purotéènì tí màìtòkọ́ńdríà fi ń sọ oúnjẹ di agbára, tó wà nínú DNA màìtòkọ́ńdríà, intron kan, ìyẹn apá tó yẹ kí wọ́n gé kúrò, wà tí wọ́n ń pè ní bI4, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé e kúrò nínú RNA, ẹ̀dà jíìnì yẹn, tí irinṣẹ́ yẹn bá ti bàjẹ́, intron ò ní kúrò, cytochrome b ò ní sí. Ìyípadà kékeré nínú NAM2, gígé tún bẹ̀rẹ̀! Onímọ̀ Slonimski àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Gif-sur-Yvette ní Faransé ló sọ irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ní NAM, tó túmọ̀ sí pé núkílọ́ọ̀sì ń gba màìtòkọ́ńdríà mọ́ra. Ìgbàmọ́ra o, kì í ṣe ìtẹ̀lóríba.

Àbá tèmi: abàṣírí, kí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìbàṣírí. Tí àlejò bá ya ilé lójijì tí aládùúgbò bá sáré bu gààrí fún wa, ṣebí a máa ń ní ó bò wá láṣìírí? Ìkòkò gààrí tiwa ṣì ṣófo, àlejò ni ò mọ̀. Ẹ sì wo bó ṣe bá iṣẹ́ láàbù mu: wọ́n á mú ìwúkàrà tó ní àṣìṣe màìtòkọ́ńdríà, tó sì ní abàṣírí nínú núkílọ́ọ̀sì, wọ́n á fi gùn ún pẹ̀lú èyí tí kò ní in, tí kò sì ní DNA màìtòkọ́ńdríà kankan. Ọmọ mẹ́rin tó bá jáde, gbogbo wọn ló jogún àṣìṣe màìtòkọ́ńdríà, àmọ́ méjì tó jogún abàṣírí á hù lórí glycerol, méjì tí kò jogún ẹ̀ ò ní hù. Àṣírí tú nìyẹn! Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe àkọ́kọ́ ti padà sípò tẹ́lẹ̀ ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá hù, ìyẹn la lè pè ní ìpadàsípò, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ abàṣírí.

Ẹnì kan á ní àṣírí dà bíi pé ìwúkàrà mọ̀ ọ́n mọ̀ fi nǹkan pa mọ́. Kò burú, ṣé ìtẹ̀lóríba ò wá ní ìjà nínú ni?

Ibi tó ń dà mí láàmú ni pé nígbà míì, inú jíìnì tó bàjẹ́ yẹn kan náà ni ìyípadà kejì ti ń wáyé, ọmọ ilé ló bo ọmọ ilé láṣìírí. Mo rò ó sí abàṣírí ilé àti abàṣírí òde, àmọ́ "òde" yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí núkílọ́ọ̀sì kúkú wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà. Bàbá, kí lẹ rí sí i?