Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọmọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ojú ọjọ́?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀bùté Mẹ́tta ni mò ń gbé, mo sì ń fi àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ inú ìwé ìròyìn kọ́ ọmọ mi obìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì. "Drizzle" kò nira, òjò winniwinni ni. Ṣùgbọ́n "mist", "fog" àti "haze" ń rú u lójú, nítorí pé kùrukùru ni a ń pe gbogbo wọn nílé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán omi tíntìntín ni méjì àkọ́kọ́, tí a sì ń pè é ní "fog" bí ojú kò bá ríran dé kìlómítà 1, nígbà tí ẹ̀kẹta jẹ́ eruku gbígbẹ bí èyí tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó wù mí gidigidi kí ó mọ ìyàtọ̀ wọn. Ṣé kí ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀sà láàárọ̀ kí ó tó ka ìwé ìròyìn ni, àbí kí ó kà á ṣáájú?