Owó ìrànwọ́ àgbàdo ní Amẹ́ríkà: ẹ wo ìwé ilẹ̀ kí ẹ tó háyà oko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ háyà oko ní Illinois, Iowa tàbí Kansas, ẹ kọ́kọ́ bèèrè base acres ilẹ̀ náà, ìyẹn iye éékà tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ fún irè kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti ń gbìn síbẹ̀ láyé àtijọ́ ni owó ìjọba ń tẹ̀ lé. Tí base rẹ̀ bá jẹ́ ti àgbàdo, kódà kí ẹ gbin sóyà sí gbogbo rẹ̀, owó àgbàdo ni wọ́n máa san.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò PLC nìyí, ètò tó ń sanwó nígbà tí owó ọjà bá wálẹ̀ ju iye tí òfin dá sílẹ̀. Iye tí òfin dá sílẹ̀ fún àgbàdo ọdún 2019 jẹ́ dọ́là 3.70 ní búṣẹ́ẹ̀lì kan. Ìpíndọ́gba owó ọjà wá já sí 3.56. Sẹ́ńtì 14 ló kù. Ká ní éékà 100 ni base yín, tí yield (irè orí éékà kan) orí ìwé sì jẹ́ búṣẹ́ẹ̀lì 140 (ti orí ìwé o, kò kan ohun tẹ́ ẹ kórè). Éékà 85 péré ni wọ́n ń sanwó lé. 85 lọ́nà 140 jẹ́ 11,900. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po sẹ́ńtì 14, dọ́là 1,666 ni. Ta ló fẹ́ fìyẹn ra katakata? Àlìkámà ló rí ṣe lọ́dún yẹn: 5.50 ni òfin sọ, ọjà san 4.58.

Òfin ọdún 2025 ti gbé àgbàdo dé 4.10, sóyà ti kúrò ní 8.40 dé 10. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó yìí ra ajílẹ̀. Oṣù October ọdún 2020 ni ti 2019 tó jáde, torí ọdún ọjà àgbàdo gbọ́dọ̀ parí ní August ná.

—

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ARC-CO kún un, ètò ìrànwọ́ kejì tẹ́ ẹ lè mú dípò PLC. Owó tí gbogbo káúńtì rí lórí éékà kan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Bí yìnyín bá run oko yín nìkan, tí káúńtì ṣe dáadáa, kọ́bọ̀ ò ní wọlé. Ìnṣọ́ránsì ló wà fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ owó lẹ ń san fún un, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo owó ìrànwọ́. Bó bá jẹ́ irè lẹ jọ ń pín, òun náà á pín níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Onílẹ̀ tó bá gbọ́n á kàn fowó kún háyà.

—

Fọ́ọ̀mù ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Orúkọ orí CCC-941, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń jẹ́rìí sí iye owó tó ń wọlé fún yín, gbọ́dọ̀ bá ti ìwé owó orí mu, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, IRS (àjọ owó orí) ò ní fìdí owó tó ń wọlé fún yín múlẹ̀, ọ́fíìsì FSA, àjọ ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́ yìí, ò sì ní sanwó. Ẹ fi CCC-902 sọ ẹni tó ń dáko. Fún irè ìgbà ìrúwé, July 15 ni gbèdéke FSA-578 (fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń jábọ̀ ohun tẹ́ ẹ gbìn) níbi púpọ̀. Ẹ gba máàpù oko, kí ẹ kọ éékà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbìn sí i. AD-1026 ni ìlérí pé ẹ ò ní fa omi àbàtà gbẹ láti dáko síbẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ lè pàdánù gbogbo rẹ̀.

Base tí kò ju éékà 10 lọ kì í sábà gbowó, àfi irú àwọn tí kò tíì dáko ju ọdún 10 lọ, tàbí sójà tó ti fẹ̀yìn tì.