Ṣé ìrònú àìlówó ni, àbí àrùn ìgbàgbé ti wọlé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àìsimi. Bàbá àwọn ọmọ mi jẹ́ ẹni ọdún 54. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé ni gbèsè ti wọ̀ wá lọ́rùn, tí oorun sì ti dá lójú wọn. Nísinsìnyí, wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, wọ́n sì ṣìnà láti ọjà Bódìjà wálé. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe ọmọ àwọn. N kò bá wọn jiyàn. Dókítà ní ìbànújẹ́ ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lè da iyè rú, pé òmíràn nínú wọn ṣeé wò, nítorí náà kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a sì ya àwòrán ọpọlọ, ṣùgbọ́n owó àwòrán náà ni kò sí.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ sanwó fún? Ǹjẹ́ ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, a máa gba ẹni tí kò tíì pé 60 ọdún? Báwo ni mo ṣe lè gba káàdì ATM lọ́wọ́ ọkọ mi láì tàbùkù wọn? Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jágbe mọ́ wọn, wọ́n sì sunkún. Ó dùn mí dọ́kàn. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣé kí n máa tún un ṣe ni, àbí kí n kàn máa gbà fún wọn?