Ẹ gbà mí o, mẹkáníìkì ti ba dífù M3 mi jẹ́

Adéwálé, London
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi láti àná. BMW M3 mi, irú tí wọ́n ń pè ní E46, ọdún 2003, tí mo fi ọdún mẹ́rin tu owó jọ kí n tó rà á, mẹkáníìkì kan níbí ti bà á jẹ́ fún mi. Mo ní kó pààrọ̀ ọ́ìlì dífù, ìyẹn jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kó sì wo bírékì. £380 ló gbà. Kò kí mi dáadáa, kò fún mi lága. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ tó kún fún gíríìsì jókòó sínú ọkọ̀ mi, àmì rẹ̀ ṣì wà lára àga aláwọ títí dòní. Mo sọ ọ́ fún un, ẹ̀rín ló ń rín.

Ní báyìí, tí mo bá rọra yí sítíárì dé òpin, bíi kí n fẹ́ páàkì, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa ké gburu-gburu bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga onírin lórí sìmẹ́ńtì. Táyà ẹ̀yìn á máa fò díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ti sáré lórí mọ́tòwéè fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún máa ń le sí i, òórùn nǹkan tó jóná á sì máa jáde. Iná DSC, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀, náà ń tàn, àmọ́ ìyẹn ò tó nǹkan, sẹ́ńsọ̀ ni. Ìyàwó mi ní kí n tà á. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣègbéyàwó ní Birmingham lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti ṣèlérí pé ọkọ̀ yìí ni màá fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo ni mo ṣe lè gba owó mi padà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí?

Káyọ̀dé, Manchester
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó bá a jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. E46 máa ń ya níbi tí férémù ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀. Tèmi ya lójú mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Wọ́n wẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n fi irin kún un, owó tí mo fẹ́ fi lọ sílé lọ́dún yẹn bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mùfú, Ìbàdàn
Wálé, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. O ò sọ máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, o ò sọ irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i. Àga àti gíríìsì lo ń rò fún wa. Mo ti ń ṣe mẹkáníìkì láti 1987. Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ wá, dífù ń ké, wọ́n ti bá a wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pa pọ̀ níbì kan pé kó lè máa fa táyà méjèèjì. Kọ́nà àkọ́kọ́ tó yí ní Mọ́kọ́lá, àásù, irin tó ń yí táyà, já. Irú ọ́ìlì wo ni?

Túndé, Houston
Ẹ má da ara yín láàmú lórí ọ́ìlì. Honda S2000 mi ní LSD, dífù tí kì í jẹ́ kí táyà kan dá yọ̀, ọ́ìlì jíà lásán ni mò ń dà sí i láti ọdún kẹsàn-án, kò ké rí. Mẹkáníìkì yẹn ló ṣí nǹkan tí kò yẹ kó ṣí.

Bísí, Coventry
Bùọ̀dá Túndé, ẹ dákun, ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Irú LSD tí wọ́n ń pè ní Torsen ló wà nínú S2000, eyín jíà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ní pléètì. Ti M3 ní pléètì tó ń fi ara ra ara wọn. Ọ́ìlì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èròjà tó ń jẹ́ kí pléètì yọ̀ wẹ́rẹ́. Tí kò bá sí i, pléètì á mú, á tú, á tún mú. Ohun tó ń ké gburu-gburu nìyẹn. Ọ́ìlì SAF-XJ, tí nọ́ńbà ìki rẹ̀ jẹ́ 75W-140, ni BMW ní kí wọ́n máa dà sí i. Ibi tí wọ́n ti ń tún jíà àti dífù ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń rí èyí dáadáa.

Túndé, Houston
Mo gbà, Àǹtí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ síra.

Adéwálé, London
Ẹ ṣé, Àǹtí Bísí. Ẹ ò rí i pé mẹkáníìkì ló jẹ̀bi! 75W-90 ni ọ́ìlì náà. Máìlì 112,000 ló ti rìn.

Ẹ̀gbọ́n Mùfú, Ìbàdàn
Ta ló ra ọ́ìlì?

Káyọ̀dé, Manchester
Mo ṣì ń sọ ọ́ o, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn.

Adéwálé, London
Èmi ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ GL-5, àmì ọ́ìlì jíà, sí i, owó rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n òun ni mẹkáníìkì, ó yẹ kó wò ó kó tó dà á.

Bísí, Coventry
Ó yẹ kó wò ó lóòótọ́. Àmọ́ ọ́ìlì nìkan kì í mú kí nǹkan rùn bíi jíjó lórí mọ́tòwéè, níbi tí ẹ ti ń lọ tààrà. Ìgbà wo gan-an ni ariwo yìí bẹ̀rẹ̀? Báwo sì ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì ṣe rí?

Adéwálé, London
Táyà dáa, ọ̀kan tuntun díẹ̀. Ariwo ti wà díẹ̀díẹ̀ kí n tó gbé e lọ, òun ló jẹ́ kí n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kò tó báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Mùfú, Ìbàdàn
Háà! Ariwo ti wà tẹ́lẹ̀, o wá ní ọkùnrin yẹn ló bà á jẹ́?

Bísí, Coventry
Bùọ̀dá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka nọ́ńbà ara táyà méjèèjì fún mi. Ẹ kà á bó ṣe wà.

Adéwálé, London
Mo ti lọ síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ti òsì, 255/40 R18. Ti ọ̀tún, 255/35 R18. Lẹ́yìn Àjíǹde, kòtò kan bẹ́ ti ọ̀tún nígbà tí à ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo ra àlòkù ní £45 lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, ó ní wọ́n bára mu. Ọmọ ń sunkún nínú ọkọ̀, òjò ń rọ̀. Mi ò wò ó.

Bísí, Coventry
Ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn. Pọ́ǹpù kékeré kan wà nínú dífù yín, sílíkónì ló kún inú rẹ̀. Bí táyà kan bá ń yí yára ju ìkejì lọ, á ti pléètì pọ̀, dífù á há. Orí òjò tàbí yìnyín, nígbà tí táyà bá ń yọ̀, ló yẹ kí èyí ṣẹlẹ̀, kó sì tú lẹ́yìn náà. 40 àti 35 tí ẹ kà yẹn ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó, táyà ọ̀tún yín fi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ kéré ju ti òsì lọ. Nínú máìlì kan, yóò fi nǹkan bí ìgbà 30 yí ju ìkejì lọ. Dífù ò sinmi láti Àjíǹde, pléètì ń jóná nínú ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀. Bóyá iná DSC yẹn gan-an ló ń sọ fún yín.

Ẹ ra táyà méjì tó bára mu délẹ̀, orúkọ kan náà. Kí wọ́n tú ọ́ìlì náà sínú ike funfun, kí wọ́n wo mágínẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó rọ̀ bí ọ̀rá kò burú, èérún irin ló burú. Kí wọ́n da SAF-XJ sí i, kí ẹ wá rọra máa yí i bíi nọ́ńbà 8 níbi tó ṣófo, bíi ìgbà ogún, kí ọ́ìlì lè wọ àárín pléètì. Tó bá ṣì ń ké, a ó ṣí i, a ó pààrọ̀ pléètì.

Káyọ̀dé, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, táyà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba lójú àásù kan náà ò lè yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbí, rárá.

Adéwálé, London
Ọjọ́ Ajé ni táyà tuntun máa dé. Ṣé mo lè rọra fi bó ṣe wà yìí lọ sí Birmingham? Nǹkan bíi máìlì 120 péré ni, mi ò ní sáré.

Bísí, Coventry
Rárá. Ìgbà 30 lọ́nà 120, ẹ ṣírò rẹ̀. Sísáré kọ́ ni wàhálà rẹ̀, ẹ má gbé e lọ. Tí àbúrò yín bá gbà, mo ní ọkọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rin tó mọ́, Coventry ò sì jìnnà sí Birmingham. Màá wá gbé ìyàwó náà.

Adéwálé, London
Àǹtí, Olúwa yóò san án fún yín. Mo ti pe àbúrò mi, ó ní òun gbà. Mo pe mẹkáníìkì náà pẹ̀lú, kò gbé e, mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kó má bínú sí ohun tí mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n gíríìsì yẹn ṣì wà lára àga mi. Ta ló mọ ohun tí mo lè fi nù ún tí awọ ò fi ní bó?