Àbọ̀ ìrìn mi sí òkè Snowdon

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ rántí pé mo béèrè lọ́wọ́ yín bóyá òkè Snowdon, ní ilẹ̀ Wales, ṣe é gùn lóṣù kẹwàá, tí ojú ọjọ́ ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà. Ọ̀nà Llanberis tí ẹ júwe ni mo gbà. Ó gùn, àmọ́ kò le.

Ìmọ̀ràn yín tó gbà mí jù ni pé kí n má wọ jíǹsì. Oòrùn ń ràn nísàlẹ̀. Ká tó dé ìdajì, kùrukùru ti bolẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ òjò lù wá lójú. Ọ̀rẹ́ mi aládàáṣe tó wọ jíǹsì ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ẹ̀wù òjò gbìyànjú, àmọ́ omi gba ẹnu ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ìbọ̀wọ́ ni mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Tèmi mu omi bíi kànìnkànìn.

A ò dé ṣóńṣó, mítà 1,085. Aago kan ọ̀sán tí ẹ ní kí n fi ṣòpin lù, a bá yí padà. Ẹ ṣé.