Ìbọn ṣakabùlà bàbá bàbá mi: ẹ bá mi wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A ń tún ilé wa ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé, la bá rí ìbọn ṣakabùlà kan ní àjà. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi di igi rẹ̀ níbi tó ti sán, òkúta ìṣáná rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu òòlù rẹ̀. Nígbà tí mo fi aṣọ nu irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí adé kékeré kan àti ọ̀rọ̀ TOWER. Ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń rọ irú rẹ̀ wá fún òwò nílẹ̀ wa láyé àtijọ́. Wọ́n ń rọ irú rẹ̀ ní Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù náà, ṣùgbọ́n mi ò rí ELG, àmì tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára ìbọn tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò níbẹ̀.

Àwọn ẹbí sọ pé ogun Kírìjì (1877 sí 1893) ni wọ́n fi jà. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ọdẹ ṣì ń ra irú rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ibo ni kí n tún wò kí n lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ àdúgbò fẹ́ fi sànpépà ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún. Mo kọ̀, kí àmì yẹn má baà parẹ́. Epo wo ni kí n fi pa á? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò sí ẹ̀tù àtijọ́ nínú rẹ̀? Mi ò ní tà á o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá iye lé e.